Èémí Kan, Ilé Méjì ní Manchester

Àwọn baba wa tí wọ́n pe ohun tí ń gba imú wọlé tí ó ń gba imú jáde ní èémí, tí wọ́n sì pe ohun tí Olódùmarè mí sínú amọ̀ tí Ọbàtálá mọ ní ẹ̀mí, mọ̀ dájú pé ìbátan ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn kan ní Manchester a máa dijú, wọn a jókòó jẹ́ẹ́, wọn a sì máa ṣọ́ èémí wọn bí abiyamọ ti ń ṣọ́ ọmọ tí ó ń kọ́ ìrìn, ẹnu kò yà mí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ẹ̀kọ́ Buddha ni, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Íńdíà tí ó ti kọjá lọ láti ohun tí ó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ní òpópó Turner Street, nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Triratna kì í fọwọ́ kan èémí rárá: bí ó bá gùn, kí ó gùn, bí ó bá kúrú, kí ó kúrú. Bí ó bá ti jáde, wọn a ka ení, títí dé ẹ̀wá. Lẹ́yìn náà, kí ó tó wọlé ni wọn a máa kà. Nígbà tí ó bá yá, wọn a pa kíkà tì, wọn a sì kó ọkàn jọ sí ihò imú, níbi tí atẹ́gùn tútù ti kọ́kọ́ ń kan awọ. Ọkàn a sì máa sá: ẹni tí ó ka ẹ̀rin á ṣàdédé bá ara rẹ̀ nínú ìrònú owó ilé. Kò ní bá ara rẹ̀ wí. Ení ni yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ní Chorlton, ní Manchester kan náà, ọ̀tọ̀ ni ìṣe àwọn Samatha, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1973 láti inú ẹ̀kọ́ Nai Boonman, ọmọ ilẹ̀ Thailand tí ó ti ṣe mọ́ńkì rí. Àwọn a máa fa èémí gùn: èyí tí ó gùn jù lọ, wọn a kà á dé 9, èyí tí ó tẹ̀lé e, 6, òmíràn, 3, èyí tí ó kúrú jù, 1. Láàárín kíkà yìí ni agbára kan ti ń jí nínú ara, èyí tí àwọn ìwé wọn ń pè ní pīti, tí Buddhaghosa, ọ̀mọ̀wé ẹ̀kọ́ Buddha àtijọ́, sì pín sí oríṣi 5 ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn: òmíràn a mú irun ara dìde, òmíràn a kọ bí mànàmáná, òmíràn a máa rọ́ lu ara bí ìgbì òkun. Ẹni tí ó bá ń lépa rẹ̀ kì í rí i, nítorí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bí wọ́n bá sì ti padà sí èémí ojoojúmọ́, ara á mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí, wọn a sì padà sílé ní pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni Vidyamala Burch, ọmọ New Zealand, tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣèṣe nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16, tí jàǹbá ọkọ̀ sì tún kún un nígbà tí ó di ọmọ ọdún 23, kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dá Breathworks sílẹ̀ ní Manchester ní 2004 fún àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀: kí ó tó ké, á ti di eyín, á ti há èémí mọ́ àyà. Èyí ni obìnrin náà ń kọ́ wọn láti tú. Bí èémí bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn, èjìká á rọ̀, ọwọ́ tí ó dì gírígírí á ṣí. Ìrora ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n líle tí ara fi yí i ká á ti dẹ̀.