Fíìmù Ìfẹ́ Ìgbà Kérésìmesì: A Mọ Ibi Tó Ń Lọ, Síbẹ̀ A Ń Wò Ó

Ọ̀dọ́bìnrin kan ń gbé ní New York. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa, bàtà gogoro ló ń wọ̀, fóònù kì í sì í kúrò létí rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Kérésìmesì dé, ọ̀ràn kan gbé e padà sí ìlú kékeré tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà: bóyá ilé ìtura ìyá rẹ̀ àgbà ló fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó, bóyá ọ̀gá rẹ̀ ló rán an pé kó lọ ra oko tí wọ́n ti ń gbin igi Kérésìmesì. Níbẹ̀ ló ti pàdé ọkùnrin kan tó ń la igi ìdáná. Ìyàwó ọkùnrin náà ti kú, ó sì fi ọmọbìnrin kan tó gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ sílẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ta ko ara wọn, wọ́n á jọ yan bisikíìtì, wọ́n á súnmọ́ra bíi pé wọ́n fẹ́ fẹnu kora lẹ́nu, ẹnì kan á sì já wọlé. Aáwọ̀ tí gbólóhùn méjì ì bá parí yóò yà wọ́n. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, yìnyín á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n á sì wá fẹnu kora lẹ́nu ní tòótọ́.

Kì í ṣe fíìmù kan pàtó ni mo ń sọ. Ìtàn yìí, tàbí ìbejì rẹ̀, ni ìkànnì tẹlifíṣàn Hallmark ti Amẹ́ríkà ń sọ lọ́dọọdún láti 2009 tó ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó pè ní Countdown to Christmas. Ní 2019, bí 40 fíìmù tuntun ni ilé iṣẹ́ náà gbé jáde fún àsìkò ọdún kan ṣoṣo. Àwọn tó ń ta káàdì ìkíni ló ni ín: ní 1910 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joyce Hall bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì ní ìlú Kansas City. Ẹni tó bá sì gba káàdì ọdún mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó ṣí i.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fíìmù yìí ni wọ́n ń yà ní Kánádà, pàápàá ní British Columbia, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sábà máa ń yà wọ́n, nítorí náà, yìnyín tí ẹ ń rí yẹn jẹ́ àtọwọ́dá, òógùn sì ń bo àwọn òṣèré lábẹ́ ẹ̀wù òtútù. (Ẹ wo ẹnu wọn dáadáa bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ níta: lọ́pọ̀ ìgbà, èéfín òtútù kì í jáde níbẹ̀.) Ìtàn náà fúnra rẹ̀ kì í tó wákàtí kan àtààbọ̀, ìpolówó ọjà ló ń sọ ọ́ di wákàtí méjì. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi máa ń já wọlé lójijì: wọ́n fẹ́ kí ẹ padà wá lẹ́yìn ìpolówó.

Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé a ti mọ òpin wọn. Ẹ̀sùn yẹn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú tèmi. Ta ni nínú wa tí kò mọ bí àlọ́ Ìjàpá yóò ṣe parí kí ìyá àgbà tó pa á tán? A mọ̀ ọ́n, a sì tún ń bẹ̀bẹ̀ pé kó pa á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní December 2017, Netflix kọ ọ́ sórí Twitter pé ènìyàn 53 ti wo fíìmù A Christmas Prince lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 18, ó sì bi wọ́n pé ta ló ṣe wọ́n léṣe. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, inú sì bí àwọn mìíràn pé ilé iṣẹ́ ń ṣọ́ oníbàárà rẹ̀. Lójú tèmi, ìbéèrè náà gan-an ló ṣì. Ẹni tó ń wo fíìmù kan náà lójoojúmọ́ lè má jẹ́ ẹni tí wọ́n ṣe léṣe. Ó lè jẹ́ ẹni tó ti rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba máa ń tan irú fíìmù bẹ́ẹ̀ bó bá ti iṣẹ́ alẹ́ dé. Kò sẹ́ni tí yóò kú níbẹ̀, ó sì ti tó fún un.

Ṣùgbọ́n mo lérò pé ọkùnrin ala-igi yẹn kọ́ ni àwa ń wò. Ilé ni. Ẹ kíyè sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà bá fa àpótí rẹ̀ wọlé. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, kòkó gbígbóná wà lórí tábìlì, yàrá rẹ̀ sì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè owó ilé ìwé àbúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n bàbá tó ń bi í níwájú àlejò pé ọkọ dà. Kò sí òrùlé tó ń jò tí gbogbo ilé ti ń retí pé òun ni yóò tún un ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọkọ̀ láti Èkó lọ sílé ní ìparí ọdún, àti àwọn tó ń ṣírò owó bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, mọ̀ pé ilé dùn, wọ́n sì mọ iye tó ń ná wọn. Fíìmù yìí fún wọn ní ilé tí kò béèrè kọ́bọ̀.

Ẹ fi wé A Naija Christmas tí Kúnlé Afọláyan darí fún Netflix ní 2021. Ìyá ọlọ́mọkùnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, olóògbé Rachel Oniga ló sì ṣe é. Ó ti kú kí fíìmù náà tó jáde. Ìyá yìí ní ẹni tó bá kọ́kọ́ mú ìyàwó wálé ni yóò jogún ilé òun. Àwàdà inú rẹ̀ pariwo jù fún mi níbòmíràn, ṣùgbọ́n ìyá náà ń béèrè nǹkan, ó sì ń béèrè rẹ̀ ketekete. Ẹ̀rín ẹni tó mọ ilé náà ni mo rín.

Àléébù fíìmù Hallmark kò jìnnà sí adùn rẹ̀. Níwọ̀n bí ẹnikẹ́ni kò ti san nǹkan kan, ohunkóhun kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo níbẹ̀. Ọ̀fọ̀ ìyàwó tó kú máa ń tán láàárín bisikíìtì àti yìnyín, ọmọ rẹ̀ sì gba àlejò ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀dọ́bìnrin náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà gbogbo. N kò tíì rí ọkùnrin ala-igi kan tó kó lọ sí New York nítorí ìfẹ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ọmọbìnrin náà yóò ṣe máa jẹun. Ní ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀rẹ́ tó ń gbani nímọ̀ràn ni ipa tó sábà máa ń kàn wọ́n fún ìgbà pípẹ́, kí irú Holly Robinson Peete àti Tamera Mowry-Housley tó di ẹni tí ìtàn ń yí ká.

Ọ̀kan wà tó yàtọ̀. Ní 2006, Hallmark gbé The Christmas Card jáde: sójà kan tó wà lójú ogun ní Afghanistan gba káàdì láti ọwọ́ ọmọbìnrin tí kò mọ̀ rí, ó sì lọ sí ìlú tí káàdì náà ti wá. Ed Asner, tó ṣe bàbá ọmọbìnrin náà, wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ fún àmì ẹ̀yẹ Emmy. Yìnyín wà níbẹ̀, igi wà níbẹ̀, a sì mọ bí yóò ṣe parí. Ṣùgbọ́n sójà náà wà lẹ́nu ìsinmi, ọjọ́ ìsinmi ní iye, ogun sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá jókòó ti iná, ẹ ó máa ka ọjọ́ pẹ̀lú wọn.

Ó wù mí kí ẹnì kan ya èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù January. Ọ̀dọ́bìnrin náà jí ní ìlú kékeré yẹn, yìnyín ti di ẹrẹ̀, àwọn àlejò ti kúrò ní ilé ìtura, ọmọ ọkùnrin náà kò sì fẹ́ jẹ oúnjẹ tó sè. Màá wo ìyẹn dé òpin, bí ìpolówó inú rẹ̀ tilẹ̀ gba wákàtí mẹ́ta.