Éésì ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́? Ẹ má tíì sáré ra gáàsì

Ẹni tó bá ti gbé arúgbó aláìsàn láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn lọ́sàn-án oṣù kẹta mọ ohun tí ooru inú ọkọ̀ lè fojú ẹni rí. Bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, eruku àti èéfín tírélà á wọlé. Bí wọ́n bá tì í, òógùn á bo gbogbo wọn. Awakọ̀ á tẹ bọ́tìnnì éésì, ìyẹn ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀, iná ara bọ́tìnnì á tàn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbóná ni yóò máa jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ á sọ kò ju pé gáàsì ti tán. Wọ́n á yà sọ́dọ̀ oní-gáàsì etí títì, wọ́n á sanwó, ọkọ̀ á tutù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ooru á tún padà dé.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò gan-an nìyẹn. Gáàsì éésì kì í tán bíi bẹntiróòlù, nítorí pé kò sí ibi tó ti ń jó. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló ń tì í lọ sí iwájú rédíétọ̀ kó lọ sọ ooru rẹ̀ nù síbẹ̀, á wá padà sínú dáṣíbọ́ọ̀dù láti gba ooru mìíràn. Bó bá dín, ó jò ni.

Láyé Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti ọdún 1975, fèrèsé ni éésì ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí, síbẹ̀ láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló ti pa éésì tì kí epo má baà tètè tán. Àìlò náà ń bà á jẹ́. Ọ́ìlì tó ń mú kí rọ́bà inú kọ́ńpúrẹ́sọ̀ rọ̀ máa ń bá gáàsì rìn ni. Bí éésì bá sùn fún oṣù mélòó kan, rọ́bà á gbẹ, gáàsì á sì máa yọ́ jáde. Kí wọ́n tàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan, kódà nígbà ọyẹ́, ó tó.

Kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kọ́kọ́ mọ irú àìsàn tó ń ṣe é. Bí afẹ́fẹ́ kankan kò bá jáde rárá, kò kan gáàsì. Fáànù inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni kò yí. Fíúsì rẹ̀ lè ti jó, wáyà lè ti já, tàbí kí fáànù náà fúnra rẹ̀ ti kú.

Bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde ṣùgbọ́n tó gbóná, kí ẹnì kan jókòó sídìí ọkọ̀, kó tan ẹ́ńjìnnì àti éésì. Kí ẹlòmíràn ṣí bónẹ́ẹ̀tì, kó wo iwájú kọ́ńpúrẹ́sọ̀, ṣùgbọ́n kó má sún ọwọ́ tàbí aṣọ mọ́ bẹ́líìtì. Kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì kọ́ á máa yí nígbà gbogbo, àmọ́ àwo pẹlẹbẹ tó wà láàárín rẹ̀ kì í yí àfi tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì éésì. Ẹ ó gbọ́ “kó!”, àwo náà á lẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, àwọn méjèèjì á sì jọ máa yí. Bí àwo bá dúró sójú kan, iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìyẹn, tàbí kí àwo náà ti bàjẹ́. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan wà tí kọ́ńpúrẹ́sọ̀ wọn kò ní irú àwo yìí, àwọn ìyẹn di ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò.

Fíúsì ni kí rẹwáyà kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ríléè. Fíúsì kò wọ́n. Ohun tó burú ni bí àwọn kan ṣe ń di wáyà mọ́ èyí tó ti jó, tàbí kí wọ́n fi ńlá rọ́pò kékeré. Fíúsì tó jó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, òun ló kú kí wáyà má baà kú. Bí wọ́n bá fi wáyà dè é, ọkọ̀ lódindi lè gbiná. Ní abúlé tí ọkọ̀ ti ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrìn, kí wọ́n tún wá eku. Eku fẹ́ràn abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, wáyà ló sì máa ń jẹ níbẹ̀.

Bí iná bá pé, ó kan gáàsì. Súwíìṣì kékeré kan wà lára páìpù tó máa ń gé iná kọ́ńpúrẹ́sọ̀ bí gáàsì bá ti dín jù, kó má baà máa yí láìsí ọ́ìlì. Ìdí nìyí tí éésì tó jò fi ń kọ̀ tí kì í ṣiṣẹ́ rárá. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń fi wáyà fo súwíìṣì yìí. Ẹni tó bá gbà kí wọ́n ṣe é fún òun, kó máa múra láti ra kọ́ńpúrẹ́sọ̀ mìíràn.

Ibi tó ti ń jò kì í sábà fara pa mọ́. Ọ́ìlì máa ń bá gáàsì jáde, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ibẹ̀ á dúdú. Bí wọ́n bá fi omi ọṣẹ pa á, á máa hó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un ṣe, oníṣẹ́ gidi á fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á wá gbé gáàsì sórí òṣùwọ̀n. Iye gíráàmù tí ọkọ̀ ń gbà àti orúkọ gáàsì rẹ̀ sábà máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré kì í gbà tó kílò kan. R134a ni èyí tó pọ̀ jù lára ọkọ̀ tòkunbọ̀. R12 ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wà lára ohun tí àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 lé kúrò nílẹ̀. Wọn kì í pò wọ́n pọ̀.

Èyí tó ń dẹ́rù bani jù ni gáàsì ìdáná tí àwọn kan ń fà sínú éésì nítorí pé kò wọ́n tó ti gidi. Ó ń mú ọkọ̀ tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára àwọn páìpù náà wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, níwájú àwọn èrò gan-an. Bó bá jò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ti gbogbo dígí, ìṣáná kan ṣoṣo ló kù. Kí olówó ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kó wo ohun tí wọ́n kọ sára agolo kí wọ́n tó ki páìpù bọ̀ ọ́, kó sì béèrè ibi tó ti ń jò kó tó sanwó.

Ní ti bàbá tàbí ìyá tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sílé ìwòsàn, bí éésì kò bá tíì ṣiṣẹ́, kí wọ́n gbéra ní ìdájí, kí omi mímu wà nítòsí, kí wọ́n má sì fi wọ́n sílẹ̀ sínú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nígbà tí awakọ̀ bá lọ ra nǹkan ní ìlú Ọ̀yọ́.