Nígbà Tí Ìfura Bá Kọjá Oògùn: Àlàyé lórí Àìsàn Ìfura Àṣejù

Ìfáárà

Kò sí ọmọ Yorùbá tí a kò kọ́ láti fura. Kí ọmọ tó mọ ìwé kà ni yóò ti gbọ́ pé ìfura loògùn àgbà. Yóò gbọ́ pé páńsá kò fura, páńsá já síná; àjà kò fura, àjà jìn. Bí ó ti ń dàgbà, wọn yóò fi kún un pé kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ni ó ń gbé, àti pé ojú ni ọ̀rẹ́ ń mọ, ọ̀rẹ́ kò dénú. Ẹ̀kọ́ tí ó wúlò ni gbogbo ìwọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ń gbé ní Kétu, Ìkòsì tàbí Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Oníṣòwò tí kò bá tú apẹ̀rẹ̀ tòmátò wò dé ìsàlẹ̀ ní ọjà Mile 12 lè gbé èyí tí ó ti jẹrà lọ sí ilé. Èrò ọkọ̀ tí kò bá di àpò rẹ̀ mú ní ibùdókọ̀ Kétu lè dé ilé kí ó má bá owó níbẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìfura wọn kì í sinmi. Wọ́n fura sí oníbàárà, wọ́n fura sí ìyàwó, wọ́n fura sí ọmọ tí wọ́n bí àti sí ìyá tí ó bí wọn. Bí a bá kí wọn, wọ́n á ní ẹ̀gàn ni. Bí a kò bá kí wọn, wọ́n á ní ọ̀tá ni wá. Irú ìfura báyìí kì í gba ẹni tí ó ní in lọ́wọ́ ewu kankan. Òun gan-an ni ewu. Èrèdí àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣe àlàyé àìsàn náà, láti fi ìyàtọ̀ hàn láàrin rẹ̀ àti ìfura ọlọ́gbọ́n, àti láti sọ bí a ṣe lè bá ẹni tí ó ní in gbé. Ó kan àwa olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé inú èdè àti òwe wa ni àìsàn yìí máa ń sá pamọ́ sí.

Orúkọ Àìsàn Náà

Paranoid personality disorder ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún un. A kò lè pè é ní wèrè, nítorí pé ẹni tí ó ní in ń wọ aṣọ tí ó mọ́, ó ń lọ sí ibi iṣẹ́, ó sì lè ka owó rẹ̀ láìsí àṣìṣe kọ́bọ̀ kan. Òjòwú kò kó gbogbo rẹ̀ já, nítorí pé ẹ̀ka kan péré ni owú jẹ́ nínú rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, àìsàn ìfura àṣejù ni a ó máa pè é. Ìdí tí a fi yan àṣejù ni pé ọ̀rọ̀ yìí kò sọ pé ohun tí a ń ṣe burú. Ohun tí ó ń sọ ni pé a ti ṣe é kọjá ìwọ̀n. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àwọn Àmì Rẹ̀

Ìwé DSM-5, tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2013, to àmì 7 sílẹ̀. Oníṣègùn gbọ́dọ̀ rí 4 ó kéré tán kí ó tó lè dárúkọ àìsàn yìí. Àwọn nìyí:

1. Ó ń fura pé àwọn ènìyàn ń rẹ́ òun jẹ, wọ́n ń tan òun tàbí wọ́n fẹ́ ṣe òun ní ibi, láìsí ẹ̀rí tí ó tó.
2. Iyè méjì nípa ọ̀rẹ́ àti alábàáṣiṣẹ́ gba gbogbo ọkàn rẹ̀.
3. Kì í finú han ẹnikẹ́ni, nítorí ó gbà pé ohun tí òun bá sọ ni wọn yóò fi mú òun.
4. Ó ń rí ìtumọ̀ ẹ̀gàn tàbí ìhàlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí kò ní ibi nínú.
5. Kì í gbàgbé ọ̀ràn, kì í sì í dárí jì.
6. Ó ń rò pé wọ́n ń bu òun kù níbi tí ẹlòmíràn kò ti rí nǹkan kan, ó sì máa ń fi ìbínú dá èsì padà kíákíá.
7. Ó ń fura léraléra pé ìyàwó tàbí ọkọ òun ń ṣe àgbèrè, láìsí ìdí.

Ìwé náà sọ pé àwọn àmì yìí gbọ́dọ̀ ti fara hàn láti ìgbà tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà di géńdé, kí wọ́n sì hàn ní ilé, ní ibi iṣẹ́ àti láàrin ọ̀rẹ́. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣírò pé àwọn tí ó ní in wà láàrin ìdá 2.3 sí ìdá 4.4 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé tilẹ̀ ti yí ìlànà tirẹ̀ padà. Nínú ìwé ICD-11, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, wọn kò tún pín àìsàn ìwà sí oríṣiríṣi orúkọ bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Bí ó ti wúwo tó ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ó yẹ kí olùkọ́ Yorùbá dúró díẹ̀ lórí àmì kẹrin. Ní àwùjọ tiwa, ìtumọ̀ máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ ní tòótọ́. Àwa ni a ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. À ń pa òwe mọ́ni, à ń fi orin sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí orogún, a tilẹ̀ ń sọ ajá ní orúkọ kí aládùúgbò lè gbọ́ ohun tí a fẹ́ kí ó gbọ́. Nítorí náà, bí obìnrin kan bá ní orin tí aya ìyálé ilé ń kọ ní ẹ̀yìnkùlé kan òun, ó lè jẹ́ òtítọ́. Ọmọlúàbí a máa gbọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀, á sọ ọ́ di odindi. Ẹni tí ó ní àìsàn ìfura àṣejù a máa gbọ́ odindi ọ̀rọ̀, á pín in sí méjì, á sì wá ààbọ̀ kejì tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ìyàtọ̀ láàrin Ìfura Ọlọ́gbọ́n àti Àìsàn

Ẹ jẹ́ kí a fi Lágbájá àti Tàmẹ̀dò ṣe àpẹẹrẹ. Lágbájá ń ta ata ní ọjà. Ẹnìkejì rẹ̀ nínú òwò gba ọjà àwìn lẹ́ẹ̀mejì, kò sì san owó. Lágbájá kò fún un ní àwìn mọ́, ṣùgbọ́n ó ń bá àwọn yòókù ṣe. Ìfura rẹ̀ ní ẹ̀rí, ó ní ààlà, yóò sì rọlẹ̀ bí gbèsè náà bá di sísan. Oògùn àgbà nìyẹn.

Tàmẹ̀dò náà ń ta ata. Ó fura sí ẹnìkejì rẹ̀ láìrí àṣìṣe nínú ìṣirò. Ó fura sí alájọ àti sí olùkọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ti kó kúrò ní ilé mẹ́ta láàrin ọdún mẹ́wàá, nítorí pé ní gbogbo ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá, tí ayálégbé púpọ̀ ń lo ilé ìdáná kan, ó rí ẹni tí ó ń ṣọ́ òun. Ilé ń yí padà, aládùúgbò ń yí padà, ọ̀tá kò yí padà. Ibi tí oògùn ti di àìsàn nìyẹn. Ohun mẹ́ta ni kí a máa bi ara wa: Ǹjẹ́ ẹ̀rí wà? Ǹjẹ́ ìfura náà ní ààlà? Ǹjẹ́ ó ń rọlẹ̀ bí ọ̀ràn bá yanjú?

A kò gbọdọ̀ pe ẹ̀rù tí ó ní ìdí ní àìsàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá àti àwọn Hausa ní Mile 12, ẹ̀mí sọnù, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti ọjà náà pa fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù aládùúgbò rẹ̀ lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàìsàn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ni ó ń bá a jà.

Ní ìdàkejì, bí ènìyàn bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tí ó dá a lójú gbangba pé wọ́n ń fi rédíò darí èrò òun, ọ̀ràn náà ti kọjá àìsàn ìwà. Bákan náà ni bí ìfura bá ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tí kò fura bẹ́ẹ̀ rí: ó lè jẹ́ igbó tàbí oògùn olóró, ó lè jẹ́ etí tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, ó sì lè jẹ́ iyè tí ó ń ra nítorí ọjọ́ orí. Kí a tètè gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Iṣẹ́ tí Lámbò Ṣe ní Arò

Ọ̀rọ̀ nípa àṣà àti ìfura kì í ṣe tuntun láàrin Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1955 lórí ipa tí àṣà ń kó nínú àìsàn ọpọlọ onífura láàrin àwọn Yorùbá. Àìsàn tí ó wúwo ju èyí tí a ń sọ lọ ni ó yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà wà níbẹ̀ fún wa: oníṣègùn tí kò bá mọ ohun tí àwùjọ kan gbà gbọ́ kò lè mọ ibi tí ìgbàgbọ́ parí sí, tí àìsàn sì ti bẹ̀rẹ̀. Bí Yorùbá kan bá ní ayé kò fẹ́ kí òun lọ síwájú, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ará ilé rẹ̀ ń sọ ni ó sọ. Kò tíì di aláìsàn nítorí ìyẹn nìkan.

Ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Lámbò fi àwọn aláìsàn sí ìletò tí ó wà ní àyíká ilé ìwòsàn. Ìbátan aláìsàn a máa bá a gbé ibẹ̀, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ náà sì ní ipa tí wọ́n ń kó. Ètò yìí fi hàn pé bíbá ènìyàn gbé jẹ́ ara ìtọ́jú.

Ohun tí Ó Ń Fà Á

Ohun kan ṣoṣo kọ́ ni ó ń fà á. Ó máa ń wọ́pọ̀ díẹ̀ sí i nínú ìdílé tí àìsàn ọpọlọ bíi schizophrenia bá wà. Ìyà tí ojú rí ní kékeré náà wà níbẹ̀: ọmọ tí wọ́n ń lù láìnídìí, tàbí tí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé dà á, lè dàgbà pẹ̀lú èrò pé kò sí ẹni tí ó ṣeé fọkàn tán. Kì í ṣe ìwà ìkà ni ó kọ́kọ́ wà nínú Tàmẹ̀dò, ẹ̀rù ni.

Bí A Ṣe Lè Bá A Gbé

Àṣìṣe mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé. Èkíní ni kí a máa bá a jiyàn títí ọjọ́ yóò fi ṣú. Bí ẹ̀rí wa bá ti pọ̀ tó ni yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí a fi ń làágùn tó bẹ́ẹ̀. Èkejì ni kí a gbà pẹ̀lú rẹ̀ kí àlàáfíà lè jọba. Ẹni tí ó bá ní “Òótọ́ ni, ìyá yín ni” ti di ìyá náà lẹ́rù tí kò lè sọ̀. Ní àwùjọ tí wọ́n ti ń pe arúgbó ní àjẹ́, ẹ̀sùn kan ṣoṣo tó láti lé ìyá kúrò nínú ilé ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bí ará ilé bá ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí ó wọlé, àwọn fúnra wọn ni ó fún un ní ẹ̀rí.

Ohun tí ó dára ni kí a gba ìrora rẹ̀ gbọ́ láìgba ẹ̀sùn rẹ̀. Àbúrò lè sọ pé: “Ẹ̀gbọ́n, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí dùn yín, ẹ kò sì sùn lánàá. Èmi kò rí i bí ẹ ṣe rí i, ṣùgbọ́n mo wà pẹ̀lú yín.” Kí a sọ ohun tí a ó ṣe, kí a sì ṣe ohun tí a sọ. Kí a kọ ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ sínú ìwé. Kí a yẹra fún ẹ̀fẹ̀ àti òwe ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Odindi ọ̀rọ̀ ni kí a máa sọ fún un.

Ṣùgbọ́n sùúrù ní ààlà. Bí ó bá ń lu ìyàwó tàbí ọmọ, tàbí tí ó ń fi ohun ìjà halẹ̀, ààbò ni ó kọ́kọ́ yẹ; kí ẹni tí ewu dojú kọ kúrò níbẹ̀, kí ó sì ké sí ẹbí àti ọlọ́pàá. Àìsàn kì í sọ lílù di ẹ̀tọ́.

Ẹni tí ó bá rí ara rẹ̀ nínú àwọn àmì wọ̀nyí náà ní ohun tí ó lè ṣe. Kí ó sun ìfèsì di ọjọ́ kejì nígbà tí inú bá ń bí i. Kí ó kọ ẹ̀rí tí ó gbe ìfura rẹ̀ àti èyí tí kò gbè é sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ó yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò máa bi pé, “Ṣé bí mo ṣe rí i yìí ni ìwọ náà ṣe rí i?” Kí ó jìnnà sí ọtí àti igbó.

Ìtọ́jú tí ó gbawájú ni ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ tí ó kọ́ṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́, nítorí pé ìgbẹ́kẹ̀lé tí aláìsàn kò ní ni iṣẹ́ náà dúró lé. Kò sí oògùn kan pàtó fún un. Oògùn lè bá ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àìbalẹ̀ ọkàn tí ó bá a rìn jà. Láti Kétu, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1907, kò jìnnà. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, ó sì kọ ìyàsọ́tọ̀.

Ojúṣe Olùkọ́

Olùkọ́ kì í ṣe oníṣègùn. Akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ tí ó bá ka àpilẹ̀kọ yìí kò gbọdọ̀ fi orúkọ àìsàn náà pe ọmọ kíláàsì, òbí tàbí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe kò kéré. Bí òbí kan bá ń fura sí ilé-ìwé, kí ó kọ lẹ́tà tí ó yé kooro sí i dípò kí ó fi ọ̀rọ̀ rán ọmọ. Bí ẹlẹgbẹ́ kan bá ń fura nínú yàrá olùkọ́, kí ìkéde kan náà kan gbogbo ènìyàn, ní kíkọ. Bí ọmọ kan bá ń gbé pẹ̀lú irú òbí bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ àgbà kan tí ọ̀rọ̀ àti ìṣe rẹ̀ kì í yàtọ̀ lójú ọmọ náà.

Nínú ẹ̀kọ́ òwe pàápàá, iṣẹ́ wà. À ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìfura loògùn àgbà, a sì ń dúró síbẹ̀. Kí a máa fi àṣejù, baba àṣetẹ́ tẹ̀ lé e, kí a sì bi wọ́n léèrè bí a ṣe ń mọ ìwọ̀n oògùn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àìsàn ìfura àṣejù kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ìkà, kì í sì í ṣe ọgbọ́n àgbà. Ẹ̀rù tí ó wọ aṣọ ọgbọ́n ni. Nítorí pé òwe wa ń yin ìfura, ó lè gbé láàrin wa fún ọdún púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, nígbà tí ìgbéyàwó yóò ti tú, tí ìyá yóò ti kúrò nílé, tí ẹni náà yóò sì ti dá wà. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ náà lè tètè wá ìrànlọ́wọ́. Ní ilé àti ní ilé-ìwé, kí a fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí a sì máa fi odindi ọ̀rọ̀ bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀.