Ohun Tó Ń Ṣẹlẹ̀ Kí Bọ́ọ̀lù Tó Kúrò Lẹ́nu Ọ̀pá Sínúkà

Ọ̀pá tí Ronnie O'Sullivan kán ní Leicester ní oṣù Kìíní ọdún 2025, lẹ́yìn tí Robert Milkins borí rẹ̀, ti di ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń tẹ̀ lé ìròyìn eré ìdárayá kò ní ṣàìgbọ́. Ọkùnrin tó ti gba ife àgbáyé sínúkà lẹ́ẹ̀méje náà kò bá wọn dé ìdíje Masters tó tẹ̀ lé e, nígbà tó sì padà sídìí tábìlì ní Sheffield ní oṣù Kẹrin, ọ̀pá tuntun ló gbé dání. Ìròyìn kò ráyè sọ ìdí tí igi kan fi lè ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré. Ìdí náà wà nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí orí ọ̀pá bá fara kan bọ́ọ̀lù funfun.

Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní sínúkà ní Ìgbàyè, Ìnísà, Òkukù àti Ìkirun, lábẹ́ páànù tàbí níwájú ilé ọtí, sábà máa ń jẹ́ pool: tábìlì kékeré, bọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí dúdú tó ní nọ́ńbà 8 sì ń wọlé kẹ́yìn. Eré O'Sullivan ni èyí tí wọ́n gbà pé àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní Jabalpur, ní India, ní 1875. Tábìlì rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, irú èyí tó wà ní Ikoyi Club 1938 l'Ékòó. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 52.5, nígbà tí ti pool ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ 57.15. Orí ọ̀pá rẹ̀ kò ju mìlímítà 9 sí 10 lọ, ti pool sì sábà máa ń tó 12 tàbí 13. Yàtọ̀ sí èyí, ohun kan náà ló ń darí bọ́ọ̀lù lórí tábìlì méjèèjì.

Ara ọ̀pá fúnra rẹ̀ kò díjú. Igi ash tàbí maple ni wọ́n ń fi ṣe iwájú rẹ̀, nítorí pé méjèèjì le, wọ́n sì ń tọ́. Ẹ̀yìn tí ọwọ́ ń dì mú sábà máa ń jẹ́ ebony, igi dúdú wíwúwo tó ń hù nínú igbó Nàìjíríà, Cameroon àti Gabon, kí ìwúwo lè wà lọ́dọ̀ ọwọ́. Òfin sínúkà kò béèrè ju pé kí ọ̀pá má kúrú ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí ó sì rí bí ọ̀pá ṣe máa ń rí. Lórí rẹ̀ ni òrùka idẹ wà, awọ kékeré kan sì wà lórí idẹ náà. Awọ yìí nìkan ni ó ń kan bọ́ọ̀lù.

Kí awọ tó dé, igi lásán ni wọ́n ń fi gbá a, bí ọwọ́ bá sì ti kúrò ní àárín gbùngbùn, igi á yọ̀. François Mingaud, ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó fi awọ sórí ọ̀pá ní nǹkan bí ọdún 1807, ìtàn sì sọ pé inú ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà náà. Ó tẹ ìwé kan jáde ní Paris ní 1827 lórí àrà tí awọ náà jẹ́ kó ṣeé dá. Awọ máa ń rọ̀ díẹ̀, ó ń di bọ́ọ̀lù mú, pàápàá bí wọ́n bá fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún. Síbẹ̀ ó ní ibi tó mọ. Lára bọ́ọ̀lù sínúkà, awọ kò lè kàn ju nǹkan bíi mìlímítà 13 sí àárín, ìyẹn ìdajì ọ̀nà láti àárín dé etí. Kọjá ibẹ̀, ṣọ́ọ̀kì kò ràn án mọ́: ọ̀pá á yọ̀, bọ́ọ̀lù á sì gba ibi tí kò sẹ́ni tó rán an lọ.

Nínú àyè kékeré yẹn ni gbogbo àrà wà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní àárín gbùngbùn kì í kọ́kọ́ yí, ńṣe ló ń yọ̀ lórí aṣọ. Aṣọ á máa fà á títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí yí, nígbà tó bá sì ń yí dáadáa, eré rẹ̀ ti já sí ìdá márùn-ún nínú méje ti àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá gbá a ní nǹkan bíi mìlímítà 10 sókè àárín, yóò máa yí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbá a nísàlẹ̀, ó ń lọ síwájú, ó sì ń pòòyì sẹ́yìn: èyí ni screw. Bí bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá kọ lu òmíràn ní tààrà, ẹlẹ́ẹ̀kejì á gba eré náà lọ́wọ́ rẹ̀, òòyì ẹ̀yìn nìkan ni yóò ṣẹ́ kù, òun ni yóò sì fà á padà. Aṣọ ń jẹ òòyì yìí díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí screw ọ̀nà jíjìn fi ń fẹ́ agbára. Níbi tí funfun bá sì wúwo ju àwọn yòókù, bóyá torí pé ti àtilẹ̀wá ti sọnù tí wọ́n ra òmíràn dípò, screw kì í jẹ́ bó ṣe yẹ, ọ̀pá kò sì jẹ̀bi.

Ọ̀pọ̀ gbà pé títi ọ̀pá síwájú jìnnà lẹ́yìn ìgbá ló ń fi òòyì kún bọ́ọ̀lù. Àmọ́ bọ́ọ̀lù ti lọ kí ọwọ́ tó parí ìrìn rẹ̀. Àǹfààní títi ọ̀pá jìnnà ni pé kì í jẹ́ kí ọwọ́ dẹ̀rìn tàbí kó yà kí awọ tó kan bọ́ọ̀lù.

Gaspard-Gustave Coriolis, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ló fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí bílíádì ní 1835. Ó fi hàn pé bọ́ọ̀lù tó ń yọ̀ tó sì ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan náà lè rìn ní ìlà tó tẹ̀, kí ọ̀nà rẹ̀ tó tọ́ nígbà tó bá ń yí. Coriolis yìí kan náà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ yà bí ayé ṣe ń yí. Nítorí rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ láti Sàhárà kì í fi í fẹ́ láti àríwá tààrà, bí kò ṣe láti àríwá ìlà-oòrùn. Ọyẹ́ náà ló sì ń da eruku sórí àwọn tábìlì tó wà ní gbangba ní Òkukù lẹ́ẹ̀rùn, eruku tí kò sí nínú ìṣirò ọ̀gbẹ́ni náà.

Òòyì ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ṣì lóye jù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá lápá ọ̀tún á máa pòòyì bí òkòtó bó ti ń lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ọ̀tún ni yóò yà sí. Òdì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀: ìhà òsì ojú ibi tí ọ̀pá kọ sí ni bọ́ọ̀lù ń gbà kúrò. Bọ́ọ̀lù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí pòòyì kí awọ tó kúrò lára rẹ̀, ó sì ń gbé orí ọ̀pá lọ sí ọ̀tún. Orí ọ̀pá ní ìwúwo tirẹ̀, kò fẹ́ lọ, nítorí náà ó ń ti bọ́ọ̀lù padà sí òsì. Bí orí ọ̀pá bá ṣe wúwo tó ni ìtì náà ṣe ń pọ̀ tó. Dígírì kan péré, lórí ìrìn mítà méjì, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀, èyí sì ju ìdajì ìbú bọ́ọ̀lù sínúkà lọ.

Kì í ṣe gbogbo ara ọ̀pá ló ń kópa nínú ìtì yìí. Ìgbì tó ń gba inú igi kọjá láti orí kò ráyè rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lọ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò, nítorí náà ebony ẹ̀yìn, bó ti wù kó wọ́n tó, kò lọ́wọ́ sí i. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ bíi Predator ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1990, fi ń wá bí orí ọ̀pá yóò ṣe fúyẹ́, tí àwọn míì sì ń fi carbon fibre ṣe é lónìí.

Lẹ́yìn ìtì náà ni aṣọ tábìlì yóò dá sí i. Etí tábìlì kì í jẹ́ kí ọ̀pá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ga díẹ̀, òòyì náà á sì dagun. Dídagun yìí ló ń wọ́ bọ́ọ̀lù padà sí ọ̀tún. Bí ìgbá bá rọra, ìwọ́padà ń tètè dé, ó tilẹ̀ lè borí ìtì àkọ́kọ́. Bí ìgbá bá le, bọ́ọ̀lù ti débi tó ń lọ kí aṣọ tó rí i mú. Àríyànjiyàn ìdí tábìlì kò sì tán: ẹni tó ń rọra gbá rí i pé ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù yà sí, ẹni tó ń gbá kíkan ní òsì ni, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà. Òòyì ẹ̀gbẹ́ tún lè yí ọ̀nà bọ́ọ̀lù kejì padà díẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ti wúlò jù ni rọ́bà etí tábìlì, níbi tó ti ń mú igun tí funfun fi ń padà fẹ̀ tàbí kó tóóró.

Nítorí èyí ni àwọn olùkọ́ kì í fi í jẹ́ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kan òòyì ẹ̀gbẹ́ títí ìgbá tààrà yóò fi mọ́ ọn lára: àgbọ̀n sún mọ́ ọ̀pá, orí dúró, apá láti ìgúnpá wálẹ̀ nìkan ló ń mì. Níbi tí ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, ìṣòro míì tún wà. Awọ orí ọ̀pá yẹ kó yọ díẹ̀ láàárín, àmọ́ ti ọ̀pá àjùmọ̀lò sábà máa ń pẹlẹbẹ, ó sì lè ti ṣí kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Àwọn tó gbọ́n máa ń yí ọ̀pá lórí tábìlì kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó wọ́. Ìdánwò igi nìyẹn. Kò sọ nǹkan kan nípa awọ, awọ ló sì ń ba ìgbá jẹ́ jù.

Ẹ̀rí kò tíì tó láti sọ pé ọ̀pá olórí fúyẹ́ ń sọ ènìyàn di ọ̀gá. Ó jọ pé mímọ ọ̀pá kan dunjú ṣe pàtàkì ju dídára rẹ̀ lọ. Ọ̀pá olówó pọ́ọ́kú ni Stephen Hendry fi gba ife àgbáyé méje. Nígbà tí ọ̀pá náà kán nínú ìrìnàjò bàálù láti Bangkok ní 2003, ó gba British Open lọ́dún kan náà pẹ̀lú òmíràn. O'Sullivan pẹ̀lú gbá 147, àmì pípé nínú sínúkà, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdíje kan ṣoṣo pẹ̀lú Chris Wakelin ní Jeddah ní oṣù Kẹjọ 2025. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ òòjọ́ àwọn wọ̀nyí ni. Wọ́n ráyè mọ ìwà ọ̀pá tuntun. Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ní Òkukù tó ń mú èyí tí ọwọ́ bá kàn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, bóyá ọ̀pá kan tí kò wọ́n tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni yóò sì ràn án lọ́wọ́ jù.

Ọ̀nà kan wà láti mọ bí ọ̀pá kan ṣe ń ti bọ́ọ̀lù tó. Wọ́n á fi ọ̀pá kọjú sí àárín funfun ní ìlà tààrà sí bọ́ọ̀lù kan lókèèrè. Láìgbé ọwọ́ iwájú kúrò lórí tábìlì, wọ́n á fi ọwọ́ ẹ̀yìn yí ọ̀pá títí orí rẹ̀ fi bọ́ sí apá ọ̀tún funfun, wọ́n á sì gbá a kíkan. Bí ọwọ́ iwájú bá wà níbi tó yẹ, yíyà tí ọ̀pá yà sí ọ̀tún àti ìtì sí òsì á pa ara wọn rẹ́, funfun á sì kan bọ́ọ̀lù náà gan-an. Bó bá gba ọ̀tún kọjá, ọwọ́ iwájú ti sún mọ́ bọ́ọ̀lù jù. Bó bá gba òsì, ó jìnnà jù. Ọ̀pá olórí wíwúwo ń fẹ́ ọwọ́ nítòsí, olórí fífúyẹ́ ń fẹ́ kó jìnnà, nígbà míì ju ibi tí apá lè nà dé lọ. Ìdánwò yìí kò bá ìgbá rírọra mu, nítorí pé aṣọ á ti wọ́ bọ́ọ̀lù padà kó tó débẹ̀.