Bí Omi Bá Kún Ẹ̀dọ̀fóró

Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ọ̀pọ̀ wa mọ ilé ìwòsàn àyà tó wà ní Jẹ́ríkò mọ́. Lọ́dún 2020, ibẹ̀ wà lára ibi tí ìjọba Ọ̀yọ́ ti tọ́jú àwọn tí àrùn Kòrónà mú. Nígbà tí àrùn náà bá wọ ènìyàn lára, àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró á wú, omi á sì kún wọn. Aláìsàn ń mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò dénú ẹ̀jẹ̀.

Òtútù àyà, èéfín iná àti egbò tó ti ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ náà lè fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òbí, èyí tó kàn wá jù nínú ilé ni kẹrosíìnì tí a rọ sínú ike omi. Bí ọmọ bá mu ún, a máa ń sáré fún un ní epo pupa kó lè bì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Bó ṣe ń bì í ni kẹrosíìnì lè yà sínú ẹ̀dọ̀fóró, níbi tí jàǹbá rẹ̀ ti pọ̀ ju ti ikùn lọ. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, pàápàá bó bá ń kọ́ tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ dúró fún wákàtí mélòó kan, ẹ má bínú: ìpalára náà lè pẹ́ kó tó hàn.