Epo Wo Ni Ká Fi Fọ Páàtì Nílé?

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú ọyẹ́ tó kọjá, iná sáré lórí ilẹ̀ ní àgbàlá ilé wa ní Ilé-Ogbó. N kò sọ pé ó jó o. Mo ní ó sáré. Àbúrò mi jókòó sórí àpótí, ó gbé ike bẹntiróò síwájú, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ kabúrétọ̀ ọ̀kadà kan tí wọ́n gbé wá láti Kúta. Ìyá wa wà nídìí àdògán, ó ń ro àmàlà, àlàfo àárín wọn yóò sì tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Kò sí ẹni tó ta epo sínú iná. Kò sí ẹni tó ṣá ìṣáná. Ohun tí mo rí ni ìmọ́lẹ̀ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti ìdí àdògán lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi bí ejò, tí ike iwájú rẹ̀ sì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá wa ló bu yanrìn lù ú. Irun apá ọ̀tún ọmọ náà jóná, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sì lé ròrò. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lè di sípánà mú dáadáa. A dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo ní n kò fẹ́ rí bẹntiróò nínú ike mọ́ nínú ilé yẹn. Ó wò mí, ó ní, “Àǹtí mi, kí wá ni kí n máa fi fọ̀ ọ́? Ẹ ṣáà mọ̀ pé kẹrosíìnì wọ́n ju bẹntiróò lọ.” N kò rí èsì fọ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè yẹn ni mo ń tọ̀ lẹ́yìn títí mo fi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ilé-Ogbó ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Ayédìrè, kò sì jìnnà sí Ìwó, níbi tí àbúrò mi ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Ó ti gba fírídọ̀mù, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù kò tíì sí lọ́wọ́, nítorí náà àgbàlá bàbá wa ló fi ṣe ibi iṣẹ́. Ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ kékeré ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá. Gbogbo wọn ló sì ń fẹ́ fífọ̀: eruku ojú ọ̀nà wa pupa, ó máa ń pò mọ́ ọ́ìlì, á sì dì mọ́ ara irin bí amọ̀ tó wọ inú àdìrò.

Ìdí tí àwọn mẹkáníìkì fi fẹ́ràn bẹntiróò kò fara sin. Ó ń ya gírísì kíákíá, ó ń gbẹ láìnu, kì í fi nǹkan sílẹ̀ nínú ihò wínníwínní kabúrétọ̀. Ìdí mìíràn wà tí wọn kì í fẹ́ sọ sókè: inú táǹkì oníbàárà ló ti ń wá. Wọ́n á tú páìpù, wọ́n á fa ìwọ̀n díẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bèèrè. Àmọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú wọn epo kí wọ́n tó gbé ọ̀kadà sílẹ̀. Ọ̀kan ti fi igi tinrin sàmì sí inú táǹkì rẹ̀ rí. Ojú ti àbúrò mi lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ń jó nínú epo kì í ṣe omi rẹ̀ gan-an, bí kò ṣe èémí tó ń jáde lára rẹ̀, èyí tí imú wa ń gbọ́. Èémí bẹntiróò ń jáde débi tó lè gbiná, kódà nínú òtútù tó fi 40°C rẹlẹ̀ ju òdo lọ. Ẹ wá ro ti ọ̀sán Ilé-Ogbó. Èémí yìí tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń rìn, ó sì lè rìn jìnnà kó tó bá iná pàdé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn: epo kò rìn lọ sídìí àdògán, èémí rẹ̀ ló lọ, iná sì tẹ̀ lé e padà wálé.

Ti kẹrosíìnì yàtọ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 38°C kí èémí rẹ̀ tó lè gbiná. Ti dísù tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lé ní 50°C. Ẹ má ṣe tìtorí èyí gbé kẹrosíìnì sínú oòrùn oṣù Kẹta, ẹ má sì ju irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì gbígbóná sínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ó fún ènìyàn láyè láti ṣọ́ra. Bẹntiróò kì í fúnni láyè rárá.

Kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ kó sínú ìjàngbọ̀n yìí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, bẹntiróò ni ọ̀pọ̀ alágbàfọ̀ Amẹ́ríkà fi ń fọ aṣọ olówó iyebíye tí kò gbọdọ̀ kan omi, iná sì ń jó ṣọ́ọ̀bù wọn. Ní ọdún 1924, alágbàfọ̀ kan ní ìlú Atlanta, W. J. Stoddard, darapọ̀ mọ́ Lloyd E. Jackson ti ilé ìwádìí Mellon láti wá epo mìíràn tí kò ní tètè gbiná. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ gbiná kó tó gbóná dé nǹkan bí 38°C. Orúkọ Stoddard ló ń jẹ́ títí di òní. Ọmọ ìyá kẹrosíìnì ni, àwọn tó ní gáréèjì nílé l’Ámẹ́ríkà ṣì ń da irú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọ-páàtì wọn. Mo wá irú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ọ̀dà ní Ìwó. Mo rí i, mo gbọ́ iye rẹ̀, mo kí wọn pé ẹ kú ọjà, mo sì padà sílé.

Nígbà náà ni ọgbọ́n ìwé mi ṣiṣẹ́. Mo rántí bí ìyá ìyá wa ṣe ń sun èèpo kòkó, tó ń sẹ́ omi eérú rẹ̀, tó ń fi àdín sè é di ọṣẹ dúdú. Mo ní tí omi eérú bá lè bá òróró jà, sódà tí àwọn alọ́ṣẹ ń lò yóò bá gírísì jà, kò sì wọ́n. Mo pò ó sínú korobá, mo ju kabúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ oníbàárà kan sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó yaya bí ẹ̀kọ lórí iná. Mo tilẹ̀ pe àbúrò mi pé kó wá wo bí ìdọ̀tí ṣe ń jáde! Kì í ṣe ìdọ̀tí. Alumíníọ́mù àti síǹkì tí wọ́n fi ṣe kabúrétọ̀ ni sódà ń jẹ, afẹ́fẹ́ tó sì ń jáde nínú ìhó náà lè gbiná pẹ̀lú. Nígbà tí a fi igi yọ ọ́, ó ti dúdú, ojú rẹ̀ ti kún fún kòtò kéékèèké. Owó àpilẹ̀kọ méjì ni mo fi ra òmíràn. Kẹ́míkà kì í ṣe ìtàn ìyá àgbà: irin lásán lè fara da sódà, alumíníọ́mù kò lè fara dà á, ojú ènìyàn ńkọ́?

Ohun tó wá bá wa lára mu kò ní ìyanu kankan nínú. Àbúrò mi kọ́kọ́ ń fi igi àti búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha ìdọ̀tí kúrò. Èyí nìkan ń mú ìdajì iṣẹ́ kúrò, kò sì ná an ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ló ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀ẹ́fun fọ ohun tí omi kò lè bà jẹ́, kó tó sá a sóòrùn. Ìgbà tó bá ku gírísì tó lẹ̀ pinpin ni kẹrosíìnì tó dé. Agolo méjì la ní, méjèèjì ní ìdérí. Ti àkọ́kọ́ ni kẹrosíìnì tó ti dọ̀tí, ti èkejì ni èyí tó mọ́ fún ìṣanmọ́. A fi asẹ́ irin há àárín agolo kìíní kí páàtì má bàa jókòó sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Lálẹ́, yóò fi í sílẹ̀ kó tòrò. Láàárọ̀, yóò rọra da ojú rẹ̀ sórí aṣọ fífẹ́lẹ́, yóò sì tún un lò.

Mo ṣírò rẹ̀ sínú ìwé. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kan ń gba nǹkan bí ìdajì lítà bẹntiróò, tí a ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Iṣẹ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́ta. Lítà mẹ́rin kẹrosíìnì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún wa. Epo tó wọ́n jù lójú ọjà ló wá pọ́n jù nílé. Níwọ̀n bí a kò ti fa epo oníbàárà mọ́, àbúrò mi fi 200 náírà lé owó iṣẹ́, mo sì retí ariwo. Ẹni kan ṣoṣo ló ráhùn.

Dísù dára fún ṣéènì àti ìta ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n òróró tó ń fi sílẹ̀ kò yẹ kabúrétọ̀. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí dísù kan bàtà bíréèkì láé. Ọṣẹ àti omi ni tirẹ̀, kó sì gbẹ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ ra kẹrosíìnì, kó rà á nílé epo tó ní ẹ̀rọ, nítorí àwọn kan ń da bẹntiróò pọ̀ mọ́ ọn, irú àdàlù bẹ́ẹ̀ sì ti jó ìdílé rí lórílẹ̀-èdè yìí. Tó bá ń rùn bíi bẹntiróò, ẹ dá a padà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju iná lọ ni ìgò. Nílé ta ni kẹrosíìnì kò ti sí nínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò? Ọmọdé kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá sì mu ún, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe mú un bì: ìgbà tó bá ń bì ni epo náà ń rí ọ̀nà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún mẹkáníìkì tó ń fi ẹnu fa bẹntiróò láti inú táǹkì. Èròjà bẹ́ńsíìnì tún wà nínú bẹntiróò, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tó ń fà á símú lọ́dọọdún. Ìbọ̀wọ́ funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò máa ń wú, á sì ya nínú epo. Àwọn aláwọ̀ búlúù tí kì í ṣe rọ́bà igi ló ń pẹ́.

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù ńkọ́? Kànga ìyá wa kò jìnnà sí ibi iṣẹ́, a kò lè dà á sílẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì kan ni a ń kó o sí pẹ̀lú ọ́ìlì dúdú. Káfíńtà àdúgbò ń wá gbé e láti fi kun igi òrùlé nítorí ikán.

Ìyá wa ti gbé àdògán rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní òun kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ́ wa. Ó ṣe dáadáa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bá ìdérí ìgò kan tó kún fún bẹntiróò lábẹ́ igi máńgòrò. Àbúrò mi ní ihò kan wà nínú kabúrétọ̀ tí kẹrosíìnì kì í là, àti pé ìdérí kan ṣoṣo ni. A ṣì ń jà lórí ìyẹn.