Ohun tó mú Kánò kọ àjẹsára

Lọ́dún 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ní kí wọ́n dá àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró. Àhesọ ti gbòde pé àwọn òyìnbó po ohun tó ń sọ obìnrin di àgàn mọ́ ọn. Àwọn tó gbọ́ ọ lókèèrè ní àìmọ̀wé ló ń dà wọ́n láàmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà oníṣègùn òyìnbó ni Datti Ahmed, ọ̀kan lára àwọn tó léwájú nínú kíkọ àjẹsára náà.

Ìfura wọn ní ìdí. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa èèyàn ní Kánò, iléeṣẹ́ apoògùn Pfizer kó oògùn tuntun kan, Trovan, débẹ̀ láti dán an wò lára àwọn ọmọ tó ń ṣàìsàn. Wọ́n tó nǹkan bí 200. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 kú. Iléeṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Lọ́dún 2009, Pfizer àti ìjọba Kánò fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí 75 mílíọ̀nù dọ́là.

Ẹ wá wo ìyá ọlọ́mọ níbẹ̀. Bí ibà bá dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n á ní kó lọ rówó oògùn wá. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ń kanlẹ̀kùn, àfi dandan kí wọ́n kán àjẹsára ọ̀fẹ́ sọ́mọ lẹ́nu. Ẹ̀kán méjì péré. Wọ́n á fi tàdáwà kun èékánná ìka ọmọ náà tó kéré jù, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Kí ló dé tó jẹ́ èyí tí òun ò bèèrè ni wọ́n ń fún òun? Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni.

Ibi tó ti ṣìnà ni pé ìwà ẹni tó gbé oògùn wá ló fi díwọ̀n oògùn. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi náà ò lè yẹ àjẹsára wò fúnra mi. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni mò ń wò. Ó ń dùn mí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ń bú aráàlú pé wọn ò ní làákàyè.

Kòkòrò àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kò dúró de àríyànjiyàn. Ó ti Nàìjíríà dé nǹkan bí 20 orílẹ̀-èdè. Oṣù keje 2004 ni Kánò tó gbà, nígbà tí wọ́n rí àjẹsára tí wọ́n ṣe ní Indonéṣíà, níbi tí Mùsùlùmí pọ̀ sí bíi ti Kánò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kòkòrò tó ti Nàìjíríà jáde ń rọ àwọn ọmọ Indonéṣíà lẹ́sẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò àbáláyé àrùn náà ti tán ní Áfíríkà. Ṣùgbọ́n níbi tí ọmọ tó gba àjẹsára kò bá pọ̀, kòkòrò aláìlágbára tó wà nínú oògùn kíkán náà lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí òmíràn, kó yíwà padà, kó sì rọ ọmọ. Ó ṣì ń ṣẹlẹ̀ ní Òkè Ọya. Kí àwọn onímọ̀ fẹnu ara wọn sọ èyí fún ìyá yẹn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu aláhesọ.